Mo Mọ̀wé Kà, Síbẹ̀ Mo Fi Edé Sínú Ọbẹ̀ Wọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò mọ̀ yín, ẹ ò sì mọ̀ mí. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún mi láti sọ ọ́ fún yín. Àwọn tó mọ̀ mí ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n sì ti dá ẹjọ́ wọn tán.

Reuben Adépọ̀jù ni mí, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe kúùkù ní ilé àlejò ìjọba kan ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n tẹ̀ka sórí ìwé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan di àtàǹpàkò mi mú, ó tì í bọ inú yíǹkì bí ẹni ń fọ ọwọ́ fún ọmọdé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Ojú tì mí débi pé mi ò sun ẹkún, mo kàn bínú. Mo ra ìwé ABD, mo ra báírò, mo jókòó ti ara mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Kò pé ọdún méjì tí mo fi ń ka Bíbélì fúnra mi, tí mo sì ń ka ìwé ìròyìn fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí.

Ní Oǹdó, pètẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà tí oníkòkó kan kọ́ kí wọ́n tó bí mi. Òpó iwájú rẹ̀ nípọn, àtẹ̀gùn rẹ̀ pín sí méjì bí apá ẹni tó fẹ́ gbá àlejò mọ́ra, wọ́n sì fi irin tẹ òdòdó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá ń ti oko bọ̀, òórùn ẹran díndín máa ń bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé náà. Àwa ọmọ tálákà á dúró sábẹ́ rẹ̀, a ó máa dá itọ́ mì.

Ilé yẹn gan-an ni ọmọ-ọmọ oníkòkó náà sọ di ilé oúnjẹ olówó ńlá. Ọmọ́tọ́lá lorúkọ rẹ̀, òkè òkun ló ti dé. Ó kun ilé, ó tún fèrèsé onígi ṣe, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lókè. Ó wá ní ẹran kankan kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ohun tó bá ti ní ẹ̀mí rí, kò gbọdọ̀ dé inú ìkòkò òun.

Ilé tí mo ti dá itọ́ mì nítorí ẹran ni wọ́n wá ní kí ẹran má wọ̀. Ẹ ò rí ayé.

Àwọn tó sì ń wá jẹun níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn kékeré. Olùkọ́ yunifásítì, òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún, àwọn tó wa mọ́tò láti Àkúrẹ́ wá jẹ ẹ̀fọ́. Lọ́dún tí à ń wí yìí, owó epo mọ́tò ti gbéra sókè, kò sì bọ̀ mọ́. Ìrẹsì ti di ohun tí a ń fi ojú kí lọ́jà. Tálákà kò jẹ ẹran nítorí kò rí i rà. Olówó wá ń sanwó gọbọi kí wọ́n má baà fún òun ní ẹran. Inú ń bí mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń kùn.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọmọ mi Yéjídé ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni olórí àwọn tó ń dáná. Ilé iṣẹ́ Tòkunbọ̀ ọkọ rẹ̀ ti kógbá sílé, ọmọ mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀, Goodness tó jẹ́ àkọ́bí sì ti fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìkòkò Yéjídé nìkan ló ń bọ́ gbogbo wọn. Ó bá mi bẹ Ọmọ́tọ́lá, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù, wọ́n ní kí n máa wá gún iyán, kí n sì máa lọ ra èlò ọbẹ̀ wá láti Àkúrẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, Màdáámù gbé pátákó kan kọ́. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́, lédè Yorùbá, kó lè yé gbogbo ènìyàn.

Kò sí ẹran. Kò sí ẹja. Kò sí edé. Kò sí ẹyin. Ẹni tó jókòó nídìí tábìlì gbẹ́kẹ̀ lé ọ.

Mo kà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kà á sínú. Mo tún kà á lọ́jọ́ kejì. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ, mo ní láti kà á ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ọbẹ̀ náà. Kò burú, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ tí kò dé fìlà. Mọ́ínmọ́ín wọn ni èmi ń pè ní mọ́ínmọ́ín aláìlẹ́mìí. Yéjídé á ní, "Bàbá, ẹ rọra, wọ́n á gbọ́." Èmi á ní kí wọ́n gbọ́.

Wọ́n ò tilẹ̀ nílò kí n sọ ọ́. Àwọn oníbàárà fúnra wọn ti ń sọ ọ́. Ọkùnrin kan sọ fún Màdáámù lójú Yéjídé pé ilé yìí rẹwà ju oúnjẹ ibẹ̀ lọ. Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí ṣófo. Lẹ́yìn Ọdún Tuntun ni Màdáámù pe Yéjídé, ó ní òun máa dúró títí di Àjíǹde. Bí àwọn ènìyàn ò bá wá, òun á gbé ilé ìdáná náà fún kúùkù kan tó ń bọ̀ láti Àbújá.

Yéjídé sọ̀kalẹ̀ wá, ó jókòó sórí àpótí, ó ń já tẹ̀tẹ̀. Ó já a títí tí ó fi ń já igi rẹ̀ mọ́ ewé.

Mo ní, "Fi edé díẹ̀ sí i."

"Bàbá, wọn ò fẹ́ ẹ."

"Edé kì í ṣe ẹran. Èròjà ni."

"Ẹ ti ka pátákó, Bàbá. Ẹ kà á ṣáájú mi."

"Mo kà á. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ọbẹ̀ sè ni."

Ó ń já ewé rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ mí. Ìyá rẹ̀ tó ti kú máa ń sọ pé bí mo bá ti ní ògiri kan kò sí níbẹ̀, màá forí sọ ọ́ kí n tó gbà.

Ẹ má sì rò pé mo kàn sọ ọ̀rọ̀ yẹn lásán. Bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí nìyẹn. Ní gbogbo ọdún tí mo fi dáná fún ìjọba, tí àlejò bá ní òun kì í jẹ ẹran, ẹja ni à ń bù fún un. Tó bá ní òun kì í jẹ ẹja, a ó yọ ẹja náà kúrò, a ó sì bu ọbẹ̀ rẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó ka edé sí ohun abẹ̀mí. Edé àti iyọ̀, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n lójú wa. Àwọn àlejò yẹn jẹ ẹ́, wọ́n sì dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ Ràímì ní ọjà Ìsìkàn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ràímì, àmọ́ ó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́ débi pé ó ń ṣàwàdà lédè wọn. Irú, ẹ̀gúsí, ata gbígbẹ àti edé ló ń tà. Kò mọ̀wé. Bí mo bá ti dé, á fi àpótí lé mi lọ́wọ́, èmi á ka ìwé ìròyìn fún un. Bí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánò bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, á dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí n tó kà á fún un. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọdé ọjà mọ àṣírí òun.

Lọ́jọ́ náà mo ní kó wọn edé fún mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Màdáámù yín ti ronú pìwà dà ni?"

Mo ní ilé mi ni mò ń gbé e lọ. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún mi, ó ní kí n fi jẹ ẹ̀fọ́ tó dára.

Mo gún un nílé, mo jọ̀ ọ́, ó kúnná bí àtíkè. Mo dà á sínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí. Nínú ògiri ilé ìdáná yẹn, ihò kan wà lókè tí àwọn ará àtijọ́ máa ń gbé fìtílà sí. Kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo tì í sí. Nígbà tí Yéjídé gòkè lọ bá Màdáámù, mo bu síbí kan, mo dà á sínú ẹ̀fọ́, mo rò ó pọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn òkè. Mo rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó fi òkèlè nu àwo rẹ̀ títí àwo fi ń dán. Inú mi dùn bí ẹni gba oyè.

Màdáámù fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá. "Ìyá Goodness, kí lẹ ṣe sí ẹ̀fọ́ yìí?"

Yéjídé ní, "Olú ni, mà. Mo yan án lórí iná kí n tó gé e sí i. Mo sì jẹ́ kí irú náà pẹ́ nínú epo."

Lóòótọ́ ló yan olú láàárọ̀ ọjọ́ náà, àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní olú kẹ̀. Jẹ́ kó máa rò pé olú ni.

Láàárín oṣù kan, tábìlì kún. Àwọn ènìyàn ń pè láti Àkúrẹ́ kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ de àwọn. Màdáámù kò sọ̀rọ̀ kúùkù Àbújá mọ́. Ó ní tó bá di Àjíǹde, òun á fún Yéjídé ní ìwé pé òun ló ni ilé ìdáná náà, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Èmi náà ń yangàn lójú pópó. Mò ń wo ilé oníkòkó yẹn láti ìta, mò ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo gbé e ró.

Ẹni tó kọ́kọ́ fura sí mi ni ológbò.

Ológbò aláwọ̀ eérú kan wà nínú ilé náà tí kì í yà sí ilé ìdáná rí. Kí ló fẹ́ wá ṣe níbi tí wọ́n ti ń se ewé? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí agolo mi ti dé, ó ń wá jókòó sábẹ́ ihò fìtílà, á gbé ojú sókè, á máa ké bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Yéjídé bi mí, "Kí ni ológbò yìí ń wá níbẹ̀?"

"Eku ni."

Ó wo ihò náà. Ó wò mí. Ó wá yí padà, ó ń gé àlùbọ́sà rẹ̀ lọ. Títí di òní, mi ò tíì bi í bóyá ó mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ohun tó máa sọ ló ń bà mí.

Lọ́yà kan wà, Ẹniọlá lorúkọ rẹ̀, Ijapo Estate ló ń gbé ní Àkúrẹ́. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wá. Yéjídé ti sọ fún gbogbo wa pé láti kékeré ni edé ti ń dí ọ̀fun rẹ̀, pé ilé wa nìkan ló ti lè jẹun láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ló máa ń jẹ, nítorí náà mi ò kà á sí. Mo tilẹ̀ sọ fún Yéjídé pé àìsàn olówó ni, pé mi ò rí ọmọ àgbẹ̀ tí edé ń pa rí.

Ní Sátidé kan, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Àjíǹde pé, ẹnì kan yin ẹ̀fọ́ fún lọ́yà náà. Ó ní kí wọ́n gbé e wá.

Mo wà nídìí odó. Mo rí àwo náà bó ṣe ń jáde. Mo gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n ń gbé e lọ fún.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí nìyí. Ọmọ odó wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi kò sì dí. Bí mo bá sọ pé "Ẹ dúró," tán ni. Mo rò ó. Mo ní bí mo bá dá àwo náà dúró, wọ́n á bi mí léèrè ìdí rẹ̀, iṣẹ́ Yéjídé á sì bọ́. Mo ní síbí kan péré ló wà nínú odidi ìkòkò. Mo ní kò lè ṣe é ní nǹkan. Mo sọ ọmọ odó kalẹ̀ sínú odó, mo ń gún iyán mi lọ.

Kò jẹ ju òkèlè mẹ́rin lọ. A gbọ́ ariwo àga lókè. Nígbà tí mo fi máa gòkè, ètè rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti fẹ́ pa dé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ọ̀fun ara rẹ̀. Mímí rẹ̀ ń dún bí fèrè tó ti là. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, Màdáámù ń sáré lẹ́yìn láìwọ bàtà, ó di ọsibítù.

Kò kú. Ọlọ́run ló ṣe é. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Dókítà sì sọ pé bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i lójú ọ̀nà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn ì bá máa sọ.

Màdáámù padà dé, ó jókòó nínú ilé ìdáná, ó ń béèrè bí edé ṣe dé inú ọbẹ̀ òun. Yéjídé fi ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta búra pé òun ò fi edé síbẹ̀. Mo ń gbọ́ ìbúra yẹn, mo ń nu odó tó ti mọ́. Ìgbà náà ni Màdáámù rántí pé orí àtẹ kan náà ni Ràímì ti ń ta irú àti edé.

Ó wò mí. "Bàbá, ṣé kò lè jẹ́ pé ó ń fi igbá kan náà wọn méjèèjì?"

Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tọ̀ ni Ràímì fi ń mú irú, igbá ọ̀tọ̀ ni. Mo ní, "Ọjà ni, mà. Ta ló mọ ohun tí ará ọjà ń ṣe?"

Gbólóhùn méjì péré ni. Mo fi ta ọ̀rẹ́ mi.

Màdáámù pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó ní kó má gbé nǹkan wá mọ́. Kò mọ síbẹ̀. Ó kìlọ̀ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì méjì tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ti ń pè é ní Ràímì Olóró.

Ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó tì mí. Ẹ mọ bí mo ṣe ń wọn nǹkan."

Mo ní màá sọ ọ́.

Mi ò sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gún iyán, tí mo ń wo ihò fìtílà. Mi ò lè gbé agolo náà jáde, nítorí Màdáámù ti ń yẹ àpò gbogbo wa wò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò sì lè bu nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tó wá ń mú mi bínú jù ni pé ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, láìsí edé mi, àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ náà ṣì ń fi òkèlè nu àwo. Ẹnì kan ò béèrè ohun tó dín. Mo tọ́ ọ wò. Olú tí ọmọ mi yan ń ta sánsán lẹ́nu mi. Mo tu ú dà nù, mo ní iyọ̀ ti pọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, láàárọ̀, Ràímì wọ mọ́tò wá sí Oǹdó fúnra rẹ̀. Ó gbé igbá méjì àti ìwọ̀n méjì dání, ó di irú sọ́tọ̀, ó di edé sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá tó so pinpin, ó fi í sílẹ̀ níta ilẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ fi han Màdáámù bí òun ṣe ń ṣe é, kí wọ́n lè yọ orúkọ òun kúrò nínú ẹrẹ̀. Màdáámù gbà. Yéjídé wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀.

Ó ń ṣàlàyé lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Ó ní, "Mà, mo ti ń ta irú láti ọdún tí wọn ò tíì bí yín. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò béèrè rí."

Ológbò wọlé. Ó fo orí tábìlì, ó ti orí tábìlì fo orí fíríìjì, ó na ọwọ́ sínú ihò fìtílà. Mo ní kí n lé e. Agolo náà yí, ó já bọ́ sí àárín wa, ìdérí rẹ̀ sì ṣí.

Òórùn gba gbogbo ilé ìdáná.

Ológbò bọ́ sílẹ̀, ó ń lá a. Ràímì ń wo ilẹ̀. Ó mọ edé ara rẹ̀, ó sì mọ agolo náà, nítorí mílíìkì inú agolo náà gan-an ni mo fi po kófí fún un nílé mi. Ó lè sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi wò mí.

Màdáámù ní, "Ta ló ni èyí?"

Mo ní, "Èmi ni."

Kí n tó mí, Yéjídé ti kúnlẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ dákun, bàbá mi ò mọ̀wé kà. Wọn ò mọ ohun tí ẹ kọ sára ògiri. Àgbàlagbà ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ láti àtijọ́ ni wọ́n kàn ṣe é. Èmi ló yẹ kí n kà á fún wọn. Ẹ̀bi mi ni."

Ó sọ ọ́ láìwojú mi. Mo rí bí ojú Màdáámù ṣe rọ̀. Kò rí mi níbi tí mo ti ń ka nǹkan rí. Inú orí ni mo máa ń kó ohun tí mo fẹ́ rà sí. Ó sún mọ́ mi, ó fọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, Bàbá? Kò burú. Ẹni tí kò mọ̀wé kò lè mọ̀. Àwa ni kò ṣe é dáadáa."

Ó sì di ọwọ́ mi mú. Àtàǹpàkò mi ló dì mú.

Mo mọ ohun tó wà níwájú mi. Tí mo bá mi orí lásán, ó ti parí. Yéjídé á dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ràímì pàápàá ti bọ́ nínú ẹ̀sùn, níwọ̀n ìgbà tí agolo ti já bọ́. Orí mímì kan péré. Ràímì sì mọ̀ pé mo mọ̀wé. Èmi ni mo ka ìwé ọmọ rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tí ìyàwó ọmọ náà bímọ, tó sọkún lójú mi. Ràímì kàn ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ irú ènìyàn tí òun ti ń fún ní àpótí jókòó.

Mo gba ọwọ́ mi. Mo kọjú sí pátákó.

Mo ní, "Kò sí ẹran. Kò sí ẹja. Kò sí edé. Kò sí ẹyin." Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń tọ Bíbélì. "Ẹni tó jókòó nídìí tábìlì gbẹ́kẹ̀ lé ọ."

Mo ní, "Mo mọ̀wé kà, mà. Mo ti kà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé lọ́yà kì í jẹ edé, mo sì rí àwo náà nígbà tó ń lọ. Ràímì ò mọ nǹkan kan."

Ràímì fà mí mọ́ra bí? Rárá o. Ó kó igbá rẹ̀ méjèèjì, ó kí Màdáámù, ó jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó pẹ́ o."

Màdáámù wá kọjú sí Yéjídé tó ṣì wà lórí orúnkún. Kò pariwo. Ó ní ohun tí bàbá ṣe, bàbá ló ṣe é, òun ì bá lé bàbá nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè wo ojú òun kó purọ́ nípa oúnjẹ tó fẹ́ pa ènìyàn, báwo lòun ṣe máa fi ìkòkò sílẹ̀ fún un? Ó ní, "Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ yín sílẹ̀, Ìyá Goodness."

Yéjídé bọ́ ọ. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì, ó tún pa iná abẹ́ ẹ̀fọ́ kó má baà jóná.

A ti rìn dé orí títì kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fi dákẹ́. Ẹ ò wá lè fi ìṣẹ́jú kan kún un."

Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, wọ́n ní mo ṣe bí akin, mo jẹ́wọ́. Mo bá wọn dákẹ́, nítorí mi ò mọ ohun tó là mí lẹ́nu gan-an lọ́jọ́ yẹn. Bóyá ojú Ràímì ni. Bóyá sì ni pé mi ò lè gbà kí obìnrin kan tún di àtàǹpàkò mi mú, kó ní mi ò mọ̀wé. Bó bá jẹ́ ti kejì ni, a jẹ́ pé ìgbéraga tó da edé sínú ọbẹ̀ náà ló tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo rò ó títí, ó sú mi. Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ: òótọ́ tí ǹ bá sọ lọ́jọ́ tí àwo ń jáde kì bá ná wa tó èyí tí mo sọ lọ́jọ́ tí agolo já bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná fún ènìyàn, ohun tí ẹnì kan bá ní òun ò jẹ, ẹ má bá a jà sí i. Ọ̀fun rẹ̀ ni. Kì í ṣe tiyín.

Mo kọ lẹ́tà sí lọ́yà náà, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Kò fèsì, kò sì pè mí lẹ́jọ́.

Ràímì ti padà sẹ́nu ọjà rẹ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà ti padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ilé. Kò fún mi ní àpótí. Mo gbọ́ pé ó ti ní kí ọmọ rẹ̀ máa pè é dípò kó máa kọ̀wé.

Yéjídé ti lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó pàgọ́ kan sẹ́bàá ọ̀nà níbi tí àwọn onígẹdú ti ń yà jẹun. Iṣẹ́ náà le, ẹ̀rín rẹ̀ sì ti dín kù, ṣùgbọ́n Goodness ti ṣe ìdánwò rẹ̀. Lóṣù tó kọjá ó ránṣẹ́ pè mí. Mo dé ibẹ̀, mo bá pátákó kan nílẹ̀ àti ọ̀dà funfun. Ọmọ mi kàwé dé Girama Kẹfà. Ó lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi kọ ọ́."

Mo jókòó, mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ń pe ọ̀rọ̀, mò ń kọ ọ́. Ẹlẹ́ran wà. Ẹlẹ́ja wà. Aláìlẹ́ran, aláìlẹ́ja, aláìlédé náà wà. Àwọn awakọ̀ méjì tó ń jẹun ń wò wá.

Mo ní ṣé ó tán. Ó ní ó ku ìlà kan.

Ó pè é, mo kọ ọ́. Ó ní kí n dìde dúró, kí n kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, ṣebí mo mọ̀wé kà.

Mo dìde. Mo kà á.

"Bàbá mi kò gbọdọ̀ dé ìdí iná."

Àwọn awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Yéjídé kò rẹ́rìn-ín. Ó gba pátákó náà, ó gbé e kọ́, ó wá bu iyán àti ẹ̀fọ́ olú fún mi. Mo jókòó síta pẹ̀lú àwọn oníbàárà, mo fi òkèlè tó kẹ́yìn nu àwo mi.